Ìlà Mẹ́ta Tí Mo Jí Lọ́wọ́ Ìbídùn

Yèyé mi ọ̀wọ́n,

Èmi ni o. Mo mọ̀ pé ẹ kò kàwé, mo sì mọ̀ pé Ìbídùn àbúrò mi ni ó máa ń ka lẹ́tà mi fún yín nígbà tí mo wà ní Ìbàdàn. Gbogbo ohun tí mo bá yín sọ láti ìgbà tí ó ti mọ ìwé í kà, ojú rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ rí i, ẹnu rẹ̀ ni ó sì gbé e dé ọ̀dọ̀ yín. Èyí nìkan ni kò ní kà fún yín. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi, mo jókòó ti fèrèsé, mo ń wo òkúta Olósùnta lọ́ọ̀ọ́kán, mo ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ó dùn. Wọ́n ti fún wa ní ìpínlẹ̀ tiwa, Yèyé. Ìwé tí ẹ bá fẹ́ gbà lọ́dọ̀ ìjọba, ẹ kò ní wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́ mọ́, Adó ni. Ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀, àwọn ará ìlú wa, Ìṣẹ̀, jó títí bàtà fi já lẹ́sẹ̀ wọn, Ìbídùn ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Èmi kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin náà kò sí níbẹ̀, ó ku bí ọdún kan kí wọ́n tó kéde rẹ̀ ni ẹ fi ayé sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, mo wá gba iṣẹ́ tíṣà Yorùbá ní Ìkẹ́rẹ́ níbí. Mo ní mo ń bọ̀ wálé. Ta ni mo ń bọ̀ wá bá?

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín nìyí: mo jalè. Ìbídùn ni mo jà lólè, ẹ̀yin ni mo sì jí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, ẹ óò gbọ́.

Obìnrin àgbà kan wà ní àdúgbò wa, Ìyáàfin Fásùyì. Mọ̀mí ni gbogbo wa ń pè é. Olùkọ́ ni, ó ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ó kàwé lókè òkun ní èwe rẹ̀, òun àti ọmọbìnrin ará Japáànù kan ni wọ́n jọ gbé yàrá kan, ọmọbìnrin yẹn ni ó sì kọ́ ọ ní irú ewì kan tí wọ́n ń pè ní háíkù. Ewì náà kúrú bí ìgbín ṣe ń yọ orí. Ìlà mẹ́ta péré ni. Sílébù márùn-ún, lẹ́yìn náà méje, lẹ́yìn náà márùn-ún, ó parí. Mọ̀mí ní òun ti ń rò ó láti ọjọ́ pípẹ́ pé Yorùbá á gbà á, nítorí pé ọ̀rọ̀ wa ṣeé kà bí ẹ̀wà. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ máa bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun ní ọ̀sán Sátidé.

Àwa mẹ́ta ni a lọ: èmi, nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Sísí Bọ́lá, àti Bàbá Àjàyí tí ó ti ṣiṣẹ́ ní póòsìtì ọ́fíìsì títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Ọjọ́ àkọ́kọ́, Mọ̀mí fi ìka lu tábìlì, ká máa ka sílébù tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ó sọ òfin kan ṣoṣo. Ó ní, “Ẹ má sọ ohun tó ń dùn yín fún mi. Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ sọ.”

Mo rò pé tèmi ti dé. Mo ti ń kọ́ni ní ewì láti ọdún méjìlá. Mo mọ òwe, mo mọ àfiwé, mo mọ ibi tí ohùn ti ń lọ sókè àti ibi tí ó ti ń wálẹ̀. Sátidé kejì, mo kọ èyí nípa yín, mo sì dìde kà á bí ẹni ń wàásù:

Ikú dóró o;
ó mú ẹni rere lọ;
ọkàn mi gbọgbẹ́.

Mọ̀mí fi ìka lu tábìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní, “Ó pé. Kò sí ọ̀kan tó lé, kò sí ọ̀kan tó dín.” Inú mi ti ń dùn. Ó wá wò mí, ó ní, “Kí ni o rí?”

Mo dúró. Kí ni mo rí, Yèyé? Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí ẹ fi mí fún Ìyá Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n yín, torí pé Ọlọ́run kò fún un ní ọmọ. Ẹ wá wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gbé iṣu wá, ẹ jókòó sí etí àga bí àlejò, ẹ sì tètè lọ kí ọkọ̀ má baà já yín sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, èmi ni mo ń wá sí Ìṣẹ̀, ọdún Kérésì kan lẹ́yìn ọdún Kérésì kan, ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ márùn-ún. Mo wà nílé nígbà ìsìnkú yín, ṣùgbọ́n pósí ni mo bá. Mo jókòó pẹ̀lú ewì mi tó pé níye.

Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi mú Ìbídùn wá síbẹ̀. Ó rán aṣọ kan fún mi, ó sì gbé e wá láti Ìṣẹ̀ ní Sátidé kẹta. Ó bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Mọ̀mí. Mo ní kó jókòó dè mí lẹ́yìn. Mọ̀mí, ẹni tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lásán, nawọ́ ìwé àti bírò sí i, ó sì ṣàlàyé márùn-ún, méje, márùn-ún fún un. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Mọ̀mí, aránṣọ ni. Ìwé mẹ́ta ló kà.” Ó dùn mí báyìí pé mo sọ ọ́. Ìbídùn kò bínú. Ó gbé ìwé lé orí itan, ó ń fi ìka ka nǹkan lórí orúnkún rẹ̀ bí ẹni ń wọn aṣọ. Nígbà tí a ní kó kà á, ó kà á láìdìde:

Òjò ṣú dẹ̀dẹ̀;
adìyẹ kọ́mọ wọlé;
ọ̀kan kù níta.

Bàbá Àjàyí bọ́ fìlà. Sísí Bọ́lá ní, “Háà!” Mọ̀mí kàn ń wo àgbàlá bí ẹni pé ó fẹ́ lọ gbé òròmọdìyẹ yẹn wọlé. Èmi? Mo rò pé èmi ni ó ń bú. Ta tún ni ó kù níta nínú ọmọ yín, bí kì í bá ṣe èmi?

Nígbà tí a ń lọ sí gáréèjì, mo bi í bóyá èmi ni ó kọ ọ́ mọ́. Ó yà á lẹ́nu. Ó ní, “Adìyẹ ni o. Ti Ìyá Káyọ̀dé tó wà lójúde wa. Àárọ̀ yìí ni mo rí i.”

Mo fẹ́ kí ó jẹ́ pé èmi ni ó ń bú, Yèyé. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń bú mi, n óò lè bínú. Ṣùgbọ́n ó kàn rí adìyẹ ni. Èmi tí mo kàwé, n kò rí nǹkan kan.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń wá. Gbogbo Sátidé ni ó ń wọkọ̀ láti Ìṣẹ̀, pẹ̀lú òwú tó lẹ̀ mọ́ ọn láṣọ, àti ewì méjì mẹ́ta nínú páálí tí wọ́n fi ń gé aṣọ. Gbogbo rẹ̀ ni ó dára. Ẹ̀yin ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Bí ẹ ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ tọ́ ọbẹ̀ wò, tí ẹ sì ń pa ojú kan dé. Bí ẹ ti ń bá iná sọ̀rọ̀ bí igi bá tutù. Ó sọ pé bí ẹ bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀, orin ìsìn kan náà ni ẹ máa ń kọ, ẹ kì í sì í dé ẹsẹ kejì. N kò mọ ìkankan nínú wọn. Mo jókòó láàárín àwọn àlejò, àwọn àlejò náà sì ń mọ ìyá mi ní àkókò kan náà tí èmi ń mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òmíràn tí kò yẹ kí n sọ. Ẹ mọ̀ pé Èkìtì kì í fi “ẹ” bá àgbà sọ̀rọ̀. Ìbídùn ń pè mí ní “ìwọ” gẹ́gẹ́ bí gbogbo ará Ìṣẹ̀ ti ń ṣe, bẹ́ẹ̀ mo fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo kà á sí àrífín. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ tí ó ń sọ ìtàn yín, tí ó ń sọ bí òun ti máa ń pe ẹ̀yin gan-an ní “ìwọ.” Ó dùn mí ju àrífín lọ. Ẹ wo bí mo ti ń kọ̀wé sí ìyá mi: ẹ, ẹ, yín, yín, bí ẹni ń kọ̀wé sí ìyàwó bíṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n ti kọ́ mi ní Ìbàdàn nìyẹn. N kò lè pè yín ní “ìwọ” báyìí, ẹnu mi kò gbà á. Òun, ẹnu rẹ̀ gbà á.

Nígbà tí ó tó oṣù mẹ́rin, Mọ̀mí ní ká pe àwọn ènìyàn wá gbọ́ wa. Ó gba gbọ̀ngàn kékeré kan nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin kan láti ilé-iṣẹ́ rédíò yóò wá pẹ̀lú rẹkọ́dà, yóò sì mú ewì kan ṣoṣo tí wọn yóò gbé sáfẹ́fẹ́ nínú ètò àárọ̀. A kò mọ èyí tí yóò mú.

Sátidé tó ṣáájú, Ìbídùn fà mí sẹ́yìn ilé. Ó ní òun kò ní lè wá lọ́jọ́ náà, ìyàwó kan ń ṣe ìgbéyàwó, òun ni òun rán aṣọ rẹ̀, òun gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí òun wọ̀ ọ́ fún un. Ó wá yọ ìwé pélébé kan. Ó ní òun kò tíì fi han ẹnikẹ́ni. Òun kò mọ àmì ohùn í fi sí i, kí n bá òun fi sí i dáadáa, kí n sì fún Mọ̀mí kó bá òun kà á níwájú àwọn ènìyàn. Ó ní, “Ìwọ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé.”

Mo kà á lójú ọ̀nà:

Ulé Yèyé mi;
mo tú kókó aṣọ rẹ̀:
irúgbìn ulá.

Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ọ̀kadà ń kọjá lára mi. Mo rí yàrá yín. Mo rí aṣọ náà. Mo rí ìka rẹ̀ tó ń tú kókó tí ẹ̀yin fúnra yín ta, kí ẹ tó dùbúlẹ̀ àìsàn, tí ẹ ń retí òjò. Ìbídùn ni ó di ẹrù yín lẹ́yìn ìsìnkú. Èmi ti padà sí Ìbàdàn, ìdánwò àwọn ọmọ ilé-ìwé ti dé. Kí ni ì bá ná mi bí mo bá dúró ní ọjọ́ mẹ́ta sí i? Èmi ni ì bá tú kókó náà.

Nígbà tí mo délé, mo fi àmì sí i. Mo sì fi bírò fa “ulé” rẹ́, mo kọ “ilé.” Mo fa “ulá” rẹ́, mo kọ “ilá.” Yorùbá ìwé ni, iṣẹ́ tíṣà ni, mo sọ fún ara mi. Mo ki ìwé náà sínú ìwé ìkọ̀wé mi. N kò fún Mọ̀mí.

N kò ní purọ́ fún yín pé mo ti pinnu rẹ̀ tẹ́lẹ̀, n kò sì ní purọ́ pé n kò pinnu. Lọ́jọ́ náà, Sísí Bọ́lá ka tirẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ díẹ̀. Bàbá Àjàyí ka tirẹ̀ nípa lẹ́tà tí kò rí ẹni tó ni ín, wọ́n pàtẹ́wọ́ púpọ̀. Ó kàn mí. Mo ní ewì mẹ́ta tèmi lọ́wọ́, gbogbo wọn pé níye, gbogbo wọn sì tutù bí ẹ̀kọ àná. Mo ṣí ìwé, ìwé pélébé ni mo rí. Mo gbé ojú sókè, mo kà á.

Obìnrin àgbà kan níwájú di etí aṣọ ara rẹ̀ mú. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ẹ jọ̀ọ́, Yèyé, ẹ dárí jì mí: kò sí ìgbà tí mo gbádùn ara mi tó báyẹn rí láyé mi. Fún ìṣẹ́jú kan, èmi ni ọmọ yín. Èmi ni mo wà nínú ilé yẹn.

Ọkùnrin rédíò wá bá mi. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?”

Mo ní, “Èmi ni.”

Ó gbé rẹkọ́dà sí ẹnu mi, mo tún un kà. Mọ̀mí dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó kàn ń wò mí, mo sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n gbé e jáde, láàárọ̀. Ìbídùn wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́, rédíò ń sọ̀rọ̀ lórí tábìlì bó ti máa ń ṣe. Ó gbọ́ ohùn mi. Ó gbọ́ orúkọ mi. Kò sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé tòun ni. Ó bo maṣíìnì, ó lọ wọkọ̀.

Wọ́n wá pè mí ní ọ́fíìsì tíṣà ní àkókò ìsinmi pé àbúrò mi wà ní géètì. Mo ti mọ̀. Ó dúró lábẹ́ igi máńgòrò, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo rò pé yóò pariwo, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé gbọ́. Ohùn rẹ̀ kò sókè rárá.

Ó ní, “Mo gbọ́ ọ lórí rédíò.”

Ó tún ní, “O pe ulá ní ilá.” Ó mi orí. “O ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n jí.”

Ó yí padà, ó lọ sí gáréèjì. Ẹni tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án jù lọ, mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì rí i pé bí ẹ ti ń rìn ni ó ń rìn, èjìká kan ń lọ síwájú. Àní ní àkókò yẹn gan-an, Yèyé, owú ṣì ń jẹ mí. Tèmi dà? Èwo nínú yín ni ó wà lára mi?

Mo dìde ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Mọ̀mí ní Sátidé náà, mo sọ gbogbo rẹ̀. Sísí Bọ́lá bo ẹnu. Bàbá Àjàyí ní ní gbogbo ọdún tí òun fi ṣiṣẹ́ póòsìtì, òun kò ṣí lẹ́tà ẹlòmíràn rí. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó sì dùn mí ju igi lọ. Mọ̀mí ní òun ti mọ̀ láti gbọ̀ngàn. Mo bi í bí ó ti ṣe mọ̀. Ó ní, “Ohun tí a rí wà nínú rẹ̀.” Kò tù mí nínú. Ó fún mi ní ìwé, ó ní kí n kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ rédíò níwájú òun.

Mo kọ ọ́. Mo rò pé wọn yóò kàn yí orúkọ padà ni. Wọ́n ka lẹ́tà mi láti òkè délẹ̀ nínú ètò àárọ̀ kan náà, wọ́n sì jẹ́ kí ọmọbìnrin kan tún ewì náà kà ní orúkọ Ìbídùn. Gbogbo ilé-ìwé gbọ́. Ọ̀gá mi kò wo ojú mi fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ọmọ kíláàsì mi sọ mí ní orúkọ. Tíṣà Ilá. Bí mo bá ti yí ojú sí pátákó, mo ń gbọ́ ọ lẹ́yìn mi: Tíṣà Ilá, Tíṣà Ilá. Wọn kò tíì ṣíwọ́.

Ìbídùn kò wá fún Sátidé méje. Nígbà tí ó di ìkẹjọ, mo lọ sí Ìṣẹ̀. Mo bá a lẹ́yìnkùlé yín, ó ń sá aṣọ. Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi ẹ̀gbọ́n. Ó ní kí n dìde, pé kí n má jẹ́ kí àwọn ará ilé rí mi. Mo ní kó dárí jì mí. Mo ní kò mọ̀ bó ti rí, pé òun ni ó jẹ gbogbo yín tán, kò ṣẹ́ ku nǹkan kan fún mi.

Ó ju aṣọ sínú abọ́. Ìgbà yẹn ni ó tó pariwo.

Ó ní, “Gbogbo rẹ̀? Oṣù mẹ́jọ ni Yèyé fi dùbúlẹ̀. Èmi ni mò ń gbé e. Èmi ni mò ń kó ìgbẹ́ rẹ̀. Bó bá bínú, ó máa ń gé mi lọ́wọ́ jẹ, wo ojú rẹ̀ níbí. Ó máa ń pè mí ní olè, ó ní mo fẹ́ pa òun. N kò kọ ìyẹn sínú ewì. Ṣé wàá gba ìyẹn náà?”

Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí mi. Àpá eyín yín wà níbẹ̀, lókè ọrùn ọwọ́, kékeré.

Ẹ kò sọ fún mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Gbogbo lẹ́tà tó dé Ìbàdàn ní ọdún yẹn, àlàáfíà ni wọ́n sọ, Ìbídùn ni ó sì kọ wọ́n. Ṣé ẹ̀yin ni ẹ ní kó má sọ? Ṣé ojú ń tì yín sí mi, bí ojú ti máa ń ti ènìyàn sí àlejò? Mo bi í léèrè. Ó ní òun kò mọ̀. Ó mú aṣọ mìíràn, ó fún un. Mo mú èyí tó kù nínú abọ́. A sá gbogbo rẹ̀ tán. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó mú ìwé kan jáde láti yàrá, ó ní òun ti ń kọ́ àmì ohùn fúnra òun báyìí, kí n wò ó. Mo wò ó. Ẹyọ kan kò tọ̀nà níbẹ̀. Mo ní ó dára. Ó wo ojú mi, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Irọ́ lo ń pa.” Mo jókòó padà, mo kọ́ ọ.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo kọ èyí. Ẹ̀yin nìkan ni mo fẹ́ kí ó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n Mọ̀mí fi tipátipá gbà á lọ́wọ́ mi:

Ọkọ̀ ti gbéra;
èlùbọ́ lọ́wọ́ Yèyé,
ó ṣì ń juwọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n mú mi lọ ni. Ẹ ń ku èlùbọ́ lọ́wọ́, ẹ sáré jáde láìfọwọ́. N kò mọ̀ pé ó wà lọ́kàn mi. Mo kà á láìdìde. Ìbídùn wà níbẹ̀. Kò sọ pé ó dára. Ó ní òun kò mọ̀ pé ẹ tẹ̀lé ọkọ̀ jáde, ẹ kò sọ ọ́ fún òun rí. Mo rí i lójú rẹ̀ nígbà náà, Yèyé, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀: owú ni. Kí Ọlọ́run má bínú, inú mi dùn.

Ẹ má rò pé ó ti tán. Ní oṣù tó kọjá, wọ́n kọ̀wé láti Adó pé kí Ìbídùn wá ka ewì rẹ̀ níbi ìpàdé àwọn olùkọ́ Yorùbá gbogbo ìpínlẹ̀. Àwọn olùkọ́ Yorùbá! Ẹgbẹ́ mi. Òun nìkan ni wọ́n pè. Ó ní òun kò mọ Adó dáadáa, kí n bá òun lọ. Mo bá a lọ, mo gbé báàgì rẹ̀, mo jókòó ní ìlà ìkẹyìn. Ó ka méje. Gbogbo wọn dìde fún un. Ẹni tó jókòó tì mí bi mí pé ṣé mo mọ ọmọbìnrin yìí, mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó sọ pé àbúrò mi ni.

Nígbà tí a ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, takisí kún. Wọ́n há a mọ́ mi lára lẹ́yìn. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Kí a tó jáde ní Adó, ó ti sùn, orí rẹ̀ já lé èjìká mi, ẹnu rẹ̀ là bí ti ọmọ kékeré. N kò gbé ọmọ yẹn pọ̀n rí, Yèyé. Nígbà tí ẹ bí i, mo ti lọ. Ọ̀nà náà kún fún kòtò, mo sì ń fi ọwọ́ kan di orí rẹ̀ mú kí ó má baà gbá irin fèrèsé. Èjìká mi kú pátápátá. Ó yẹ kí n bọ́ sílẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, dẹ́rẹ́bà sì bèèrè bóyá ẹnì kan wà. N kò dáhùn. Mo bá a dé Ìṣẹ̀.

Ẹ sùn re, Yèyé mi.

Èmi ni, àkọ́bí yín tó fẹ́ràn yín, tí owú yín ṣì ń jẹ.